Kí ló dé tí BP aláìsàn sepsis fi já wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀?

Nọ́ọ̀sìÒkèÀdó – Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ẹ̀ka dialysis, níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, Ìbàdàn ni mo wà. Láti ọ̀sán òní ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Wọ́n gbé ọ̀dọ́kùnrin kan wá fún wa láti ICU, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun (typhoid) ló lu ìfun rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ti fọ inú ikùn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àkóràn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ti di sepsis, sepsis sì ti di shock, ìyẹn ni pé BP rẹ̀ kò lè dúró fúnra rẹ̀ mọ́. Kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Láti àná di òní, ìtọ̀ tó wà nínú àpò rẹ̀ kò kún ife tíì kan. Potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.9, ó ti ga jù. Kò sí ẹni tó máa jiyàn pé kò nílò dialysis.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, BP rẹ̀ jẹ́ 98/54, noradrenaline, oògùn tó ń gbé BP dúró, ń lọ lára rẹ̀. A so ó mọ́ ẹ̀rọ bí a ṣe ń so àwọn oníbàárà wa tó máa ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ẹ̀jẹ̀ 250 ml ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́rin, kí a sì fa omi lítà méjì jáde, torí pé ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ ti wú. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí BP fi di 62/30. Ojú rẹ̀ yí. Ẹ̀rọ ń ké. A dá fífa omi dúró, a da saline (omi oníyọ̀) sí i lára, a sọ noradrenaline di ìlọ́po méjì, a dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà, a yọ ọ́ kúrò. Ọlọ́run ṣeun, ó padà bọ̀ sípò.

Ìyá rẹ̀ jókòó sí kọ́rídọ̀, ó sì rí gbogbo bí a ṣe ń sáré. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀rọ yìí ló fẹ́ pa ọmọ mi ni?" Mi ò rí èsì fún un.

Dókítà wa ní ká tún gbìyànjú láàárọ̀ ọ̀la. Mo sì ti kà á rí pé fífọ ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé BP aláìsàn sepsis sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Àdùkẹ́Manchester – Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí mi. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù.

ICU ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Irú aláìsàn yẹn, a kì í gbé e lọ sí ẹ̀ka dialysis. Ẹ̀rọ ló máa ń wá bá a lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kì í sì í ṣe ti wákàtí mẹ́rin. Tọ̀sántòru ló ń ṣiṣẹ́ ní jẹ́jẹ́, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, omi díẹ̀ díẹ̀ ló sì ń fà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ò pọ̀ nílé, asẹ́ rẹ̀ àti omi rẹ̀ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣeé mú lò lórí ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè kan: ibo ni noradrenaline náà gbà wọlé? Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí páìpù dialysis ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ni, páìpù lè fa oògùn náà mu kó tó rìn káàkiri ara. Mo ti rí i rí. Báyìí ni BP ń já wálẹ̀ ní gbàrà tí pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ tún wo sìríńjì oògùn náà. Tó bá ti kù díẹ̀ kó tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ ẹ̀rọ.

DókítàÀrẹ̀mú – Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Dókítà kíndìnrín ni mí, Èkó ni mo wà. Kí n tó sọ nǹkan kan, potassium rẹ̀ ńkọ́ báyìí? 6.9 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sùn.

Nọ́ọ̀sìÒkèÀdó – Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:11 alẹ́

Wọ́n ti fún un ní calcium, insulin àti dextrose, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn sì wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní aago mẹ́sàn-án jẹ́ 6.1, sà. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣeun. Itan ni páìpù dialysis wà, ọrùn ni noradrenaline gbà wọlé, torí náà kì í ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n sìríńjì náà ti fẹ́ tán lóòótọ́.

DókítàÀrẹ̀mú – Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:52 alẹ́

Ó dáa. Ẹ máa tún un yẹ̀ wò títí ilẹ̀ á fi mọ́, insulin kàn ń fi potassium pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ni, kò lé e jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án kì í ṣe ẹyọ kan. Mo ka mẹ́rin nínú àlàyé yín, wọ́n sì jọ gun ara wọn.

Páìpù àti asẹ́ ẹ̀rọ yẹn máa ń gba ẹ̀jẹ̀ tó tó 150 sí 250 ml. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò ní mọ̀. Ẹni tó wà nínú shock, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ̀ náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ so páìpù tó ń fa ẹ̀jẹ̀ nìkan, tí ẹ da saline inú rẹ̀ sínú báàgì ìdọ̀tí kí ẹ tó wá so èkejì, ẹ ti gba gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi nǹkan kan dí i. Ẹ so méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí saline máa wọlé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 50 tàbí 100 ml ní ìṣẹ́jú, kí ẹ máa rọra gbé e sókè.

Urea, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ì bá kó jáde, náà dá sí i. Ẹ̀rọ tó ń yára a máa kó urea kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kíákíá, èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kò sì tíì ráyè jáde. Omi a wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, a wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ bá urea. Bí ẹ kò tilẹ̀ fa omi kankan jáde, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan ti dín kù nìyẹn. Ìdí tí a fi ń gbé sodium inú omi dialysis sókè nìyẹn, kó lè di omi mú sínú iṣan.

Ti lítà méjì yẹn, màá padà sórí rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ló wúwo jù lójú mi. Àwọn oníbàárà yín tó máa ń wá déédéé, bí ẹ bá fa omi lára wọn, iṣan wọn máa ń fún mọ́ra, ọkàn wọn a sáré sí i, BP a dúró. Lára oní-sepsis, ara ń tú nitric oxide jáde tó mú kí iṣan là gbàgà, kò sì lè fún mọ́ra dáadáa. Ọkàn fúnra rẹ̀ máa ń ṣe àárẹ̀ nínú sepsis. Ohun tí ara fi ń gba ara rẹ̀ là, àìsàn ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo BP 98/54 yẹn: ìfúnpá àárín, èyí tí à ń pè ní MAP, jẹ́ 69, ibi tí a sì ń lé ni 65. Ó jọ pé ó dára, àmọ́ noradrenaline ló gbé e dúró. 62/30 jẹ́ MAP 41. Bí kíndìnrín bá tiẹ̀ fẹ́ sọjí, ẹ̀jẹ̀ wo ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 41?

ÌyáÌbejìÒṣogbo – Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:20 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kí í ṣe oníṣègùn, mo ń tọ́jú ọkọ mi tó ń ṣe dialysis ni mo ṣe máa ń ka ibí yìí. Ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tó nínú iṣan, nọ́ọ̀sì sì ní ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú fún omi. Báwo ni omi ṣe lè pọ̀ jù, kó tún má tó?

DókítàÀrẹ̀mú – Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:47 alẹ́

Màmá, ẹ bi mí ní ìbéèrè tí mo rò pé àwa oníṣègùn pàápàá kì í bi ara wa tó.

Ẹ rántí àmù omi. Amọ̀ tuntun máa ń làágùn. Ara rẹ̀ lóde á tutù, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á rin, ẹ sì mọ̀ pé inú àmù ni omi yẹn ti jáde. Nínú sepsis, ògiri àwọn iṣan kéékèèké máa ń jò bẹ́ẹ̀. Omi tí wọ́n fà sí i lára ń jò bọ́ sábẹ́ awọ, ìyẹn ni ẹsẹ̀ fi wú. Inú iṣan wá ń gbẹ.

Ẹ̀rọ kò lè fa omi abẹ́ awọ. Inú iṣan nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ tó. Bó bá fà á níbẹ̀, a ń retí kí ti abẹ́ awọ rọra padà wọlé rọ́pò rẹ̀. Lára ọkọ yín, ó sábà máa ń tètè padà. Lára ọmọ yìí, ó ń falẹ̀. Lítà méjì ní wákàtí mẹ́rin jẹ́ ààbọ̀ lítà ní wákàtí kan, ìpadàbọ̀ náà kò sì lè bá a. Nọ́ọ̀sì, lọ́la, ẹ má fa omi kankan rárá ní wákàtí méjì àkọ́kọ́. Potassium ni ẹ wá lé, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó wú.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe àbá lásán o. Ní ọdún 2000, Schortgen àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kọ ìlànà sílẹ̀ fún dialysis onígbà díẹ̀ nínú ICU: kí a so páìpù méjèèjì pọ̀, kí sodium má dín ní 145, kí ẹ̀jẹ̀ má yára ju 150 ml ní ìṣẹ́jú lọ, kí ó tó wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, kí a sì mú omi dialysis tutù dé 35 fún ẹni tí BP rẹ̀ kò dúró. BP tó ń já wálẹ̀ dín kù lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí Hemodiafe dé ní 2006, Faransé náà, 360 aláìsàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ oníwákàtí díẹ̀ wé ti tọ̀sántòru. Ní ọgọ́ta ọjọ́, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ló yè ní apá kan, ìdá 33 ní apá kejì. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ ń rò pé nítorí a kò ní ẹ̀rọ Manchester, a kò lè tọ́jú wọn: ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa tó o, bí a bá mọ bí a ṣe ń lò ó.

ỌmọÌjẹ̀búJámánì – Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Dókítà Àrẹ̀mú, mo gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dáhùn apá kejì ìbéèrè nọ́ọ̀sì. Àwọn asẹ́ kan wà tí kò jẹ mọ́ kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń yọ májèlé kúrò nínú rẹ̀: àwọn cytokine tí ara fi ń pe ara jagun, àti endotoxin tó wà lára awọ àwọn kòkòrò bíi ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Nínú ICU tí mo wà níbí, mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi. A so aláìsàn mọ́ ọn lálẹ́, nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, noradrenaline ti wá sí ìdajì. Ẹ wo ìwádìí EUPHAS ní Ítálì, 2009, 64 aláìsàn tí àkóràn ti inú ikùn wá, bíi ọmọ yìí gẹ́lẹ́. Asẹ́ polymyxin, èyí tó ń mú endotoxin, tí wọ́n ti ń lò ní Japan láti 1994 ni wọ́n lò. MAP lọ láti 76 sí 84. Ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín ọjọ́ 28, ìdá 53 ló kú láàárín àwọn tí kò gbà á. Ṣé ká sọ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan ni?

DókítàÀrẹ̀mú – Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Nǹkan ni. Mo gbà pé noradrenaline wá sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i. Ìdí tó fi wá sílẹ̀, àti bóyá aláìsàn náà tìtorí ẹ̀ lọ sílé, ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Èrò tó bí asẹ́ wọ̀nyẹn dára. Bí àkóràn bá wọlé, ara máa ń tú àwọn cytokine jáde bí ìlù ogun. Nínú sepsis, ìlù náà kì í dákẹ́, ogun a sì yí padà sórí ará ilé. Wọ́n ní bí a bá sẹ́ ìlù náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan á fún mọ́ra padà. Ní 2001, Cole àti Bellomo ní Melbourne ṣe é fún aláìsàn 11: wọ́n fi asẹ́ fa lítà mẹ́fà ní wákàtí kan fún wákàtí mẹ́jọ, wọ́n fi wé lítà kan péré. Noradrenaline wá sílẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n ń lo lítà mẹ́fà. Inú gbogbo ayé dùn.

Ìgbà tí wọ́n wá gbé e sórí ọ̀pọ̀ èèyàn ńkọ́? Ìwádìí IVOIRE, 2013, aláìsàn 140 tó wà nínú shock tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. 70 ml fún kílò kan ara ní wákàtí kan, wọ́n fi wé 35, fún ọjọ́ mẹ́rin. Iye tó kú kò yàtọ̀. BP àti oògùn rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Wọ́n dá a dúró kó tó pé iye tí wọ́n fẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan pé ó ń lọ síbi ire. RENAL náà, 2009, Ọsirélíà àti New Zealand, 1,508 aláìsàn, 40 ml pẹ̀lú 25 ml: ìdá 44.7 ló kú níhìn-ín, ìdá 44.7 náà ló kú lọ́hùn-ún.

Ẹ wo asẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ihò ojú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohun tó wúwo ju nǹkan bíi 30 kilodalton (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí èérún ṣe wúwo tó) kọjá. Nínú àwọn cytokine, IL-6 jẹ́ 26, ó ń fipá kọjá. TNF tí mẹ́ta rẹ̀ so pọ̀ jẹ́ 51, kò lè kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú ẹran ara ni ilé iṣẹ́ wọn wà, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni wọ́n ń rọ tuntun. Gbígbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tó lu ni.

Kí ló wá ń gbé BP sókè? Òtútù kó ipa ńlá nínú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde síta tó ń yí nínú páìpù máa ń tutù, bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń tutù tó. Ẹ rántí bí ìka ọwọ́ ṣe ń funfun, tó ń hunjọ nínú ọyẹ́. Iṣan ló ń fún mọ́ra. Ẹ mú aláìsàn kan tutù díẹ̀, MAP rẹ̀ á gòkè, cytokine rẹ̀ kò sì ní yí padà. Kì í ṣe ohun búburú, ẹ rí i pé òun náà ni mo ní kí nọ́ọ̀sì lò. Ṣùgbọ́n kí a má sọ fún ẹbí pé a ti fọ májèlé kúrò. Àti pé òtútù yẹn máa ń bo ibà mọ́lẹ̀. Ikùn lè tún ti kún fún ọyún, kí téńpíréṣọ̀ máa sọ 36.8.

Ti EUPHAS, ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ohun tó tẹ̀ lé e. ABDO-MIX ní Faransé, 2015, aláìsàn 243, gbogbo wọn ni ìfun wọn lu tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún: kò sí àǹfààní. EUPHRATES ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 2018, aláìsàn 450, endotoxin pọ̀ lára gbogbo wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí kò gba asẹ́ náà pàápàá, kí dókítà má baà mọ ta ló ń gbà á. Ìdá 37.7 ló kú nínú àwọn tó gbà á, ìdá 34.5 nínú àwọn tí kò gbà á.

ỌmọÌjẹ̀búJámánì – Ọjọ́rú, 7:44 àárọ̀

Mo gbọ́. Òótọ́ ni, nínú èyí tí mo sọ yẹn, oògùn apakòkòrò tó tọ́ àti iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì bọ́ sí alẹ́ kan náà. Mi ò lè sọ pé asẹ́ ló ṣe é. Síbẹ̀ mo rò pé àwọn aláìsàn kan á wà tó máa bá lára mu, a kàn kò tíì mọ̀ wọ́n ni. Pípààrọ̀ plasma, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀, náà wà, wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Hannover, noradrenaline ń wá sílẹ̀ níbẹ̀ náà.

Kí n sọ eléyìí náà kó má jọ pé mo fi pamọ́: ní Freiburg, wọ́n lo asẹ́ cytokine fún àwọn oní-COVID tó wà lórí ECMO, ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn sínú ẹ̀jẹ̀ dípò ẹ̀dọ̀fóró, 17 ní apá kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ló wà láàyè lọ́jọ́ kọgbọ̀n nínú àwọn tó gbà á, 13 nínú àwọn tí kò gbà á. COVID kì í ṣe ìfun tó lu, iye wọn kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó mú mi dúró ronú. Asẹ́ kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó lè kó oògùn àti ohun rere náà lọ.

BàbáTọ́lá – Ọjọ́rú, 8:20 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n kọ èyí síbí.

Màmá mi kú lọ́dún tó kọjá. Sepsis ni wọ́n ní, láti ara ọgbẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Ilé ìwòsàn kan ní ká lọ wá asẹ́ kan tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, pé òun ló máa gbé BP wọn sókè. Owó náà ju owó ilẹ̀ bàbá wa lọ. Èmi ni mo sọ fún àwọn àbúrò mi pé a ò ní lè rí i. Ọjọ́ kejì ni wọ́n jáde láyé. Láti ìgbà náà, àbúrò mi obìnrin kì í bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń ka ohun tẹ́ ẹ kọ lókè yìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ṣé ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé asẹ́ yẹn kọ́ ni ì bá gbà wọ́n là?

DókítàÀrẹ̀mú – Ọjọ́rú, 8:41 àárọ̀

Bọ̀dá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún màmá.

Ibi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí yìí náà ló yẹ. Mi ò rí màmá, mi ò rí fáìlì wọn, torí náà ohun tí a mọ̀ lórí asẹ́ wọ̀nyẹn ni màá sọ. Kò sí èyí tí ìwádìí ńlá kan ti fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí oní-sepsis là. Ìlànà àgbáyé lórí ìtọ́jú sepsis tó jáde ní 2021 dá àbá pé ká má lo ti polymyxin, ó sì ní ẹ̀rí tó wà lórí àwọn yòókù kò tó láti dá àbá kankan. Ohun tẹ́ ẹ kò rí rà kì í ṣe ẹ̀mí màmá. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín ka ibí yìí. Bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní tààràtà, ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí àpótí mi.

Àdùkẹ́Manchester – Ọjọ́rú, 8:55 àárọ̀

Bàbá Tọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Bí màmá bá wà ní ICU tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an, a kò ní fún wọn ní asẹ́ yẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n.

AkinOlóògùn – Ọjọ́rú, 9:30 àárọ̀

Kí nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀: oògùn apakòkòrò wo ló wà lára rẹ̀? Bí meropenem bá ni, dialysis máa kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní kété tó bá sọ̀kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tó bá sì máa pẹ́ ju wákàtí mẹ́fà lọ, ẹ bi dókítà nípa ìwọ̀n kan sí i láàárín. Ceftriaxone kì í sábà bá a lọ, torí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo ń rí jù ni pé wọ́n á dín ìwọ̀n àkọ́kọ́ kù nítorí kíndìnrín. Ẹ má dín ti àkọ́kọ́ kù láé.

Nọ́ọ̀sìÒkèÀdó – Ọjọ́rú, 8:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ gbogbo yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni.

Mo tẹ ọ̀rọ̀ yín jáde, mo fi han dókítà wa. Kò bínú, ó ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀. A gbé ẹ̀rọ lọ bá a ní ICU dípò kí a gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ìyẹn nìkan gba wákàtí kan, torí omi tí ẹ̀rọ ń lò, a ní láti fa rọ́bà láti ẹ̀ka kejì. A pààrọ̀ sìríńjì noradrenaline, a gbé e sókè díẹ̀ ṣáájú. A so páìpù méjèèjì pọ̀. Sodium 145, omi dialysis 35.5, ẹ̀jẹ̀ 100, nígbà tó pé ìdajì wákàtí a gbé e sí 150. A kò fa omi rárá ní wákàtí méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà a ń fa 100 ml péré ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́fà lápapọ̀.

Mo dúró tì í, mò ń wo BP ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. 96/52. 92/50. 88/50, àyà mi já. 91/52. Ó dúró síbẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ní wákàtí kẹta iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò tètè gbé e. Ọ̀gá mi ọkùnrin yọ ọwọ́ ìyípo jáde, ó ń fi ọwọ́ yí pọ́ǹpù kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú asẹ́, èmi ń ka iye ìgbà tó yí i fún un. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí iná tó dé. BP kò mì.

Potassium tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 4.8. Meropenem wọlé kíá tó sọ̀kalẹ̀, ẹ ṣeun, Bọ̀dá Akin.

Ìyá rẹ̀ wọlé wá fọwọ́ kàn án ní wákàtí karùn-ún, ó ní ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo sọ fún un pé a mọ̀ọ́mọ̀ mú un tutù ni, pé òtútù náà ń ran iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ láti dì mú. Mo sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ti àná. Mo ní ẹ̀rọ náà kò fẹ́ pa á, àwa la so ó mọ́ ọn bí ẹni tí ara rẹ̀ le, a sì ti yí i padà. Ó wò mí títí. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ní ṣé òun lè fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó bò ó.

DókítàÀrẹ̀mú – Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ kí ọ̀gá yín tó yí pọ́ǹpù náà.

Ẹ má gbàgbé ikùn rẹ̀. Bí noradrenaline bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́la láìjẹ́ pé ó wà lórí ẹ̀rọ, kí oníṣẹ́ abẹ tún wo inú ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú asẹ́ mìíràn. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa da lítà lítà saline sí i nítorí BP. Ní Lusaka, wọ́n dán ìlànà kan wò fún aláìsàn tó lé ní 200 tó ní sepsis pẹ̀lú BP tó wá sílẹ̀, ìlànà tó ń tètè da omi púpọ̀ wọlé. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017: ìdá 48.1 ló kú nínú àwọn tó gbà á bẹ́ẹ̀, ìdá 33 nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sìÒkèÀdó – Ọjọ́ Àìkú, 7:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. A ti so ó mọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀nà kan náà, BP kò já. Noradrenaline ti kéré gan-an, dókítà ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n pa á lónìí. Ó la ojú lánàá, ó bèèrè omi mímu. Mo wo àpò ìtọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo ń gba iṣẹ́: 310 ml láti àná. Ó pọ́n bíi ti ẹni tó ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ni. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún dialysis ọ̀la. Ṣé kí a ṣe é?

DókítàÀrẹ̀mú – Ọjọ́ Àìkú, 7:20 àárọ̀

310! Ẹ yẹ potassium, bicarbonate àti urea rẹ̀ wò láàárọ̀ ọ̀la kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá dára, tí kò sì mí gúlegúle, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú ìwádìí IDEAL-ICU, 2018, nínú àwọn oní-sepsis tí wọ́n ní kí wọ́n dúró wákàtí 48 ná, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn kò padà so mọ́ ẹ̀rọ rárá, púpọ̀ nínú wọn torí pé kíndìnrín wọn sọjí fúnra rẹ̀. Kí ẹ máa ka ìtọ̀ náà ní wákàtí wákàtí.

ÌyáÌbejìÒṣogbo – Ọjọ́ Àìkú, 7:31 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀.